Corolla sùn fún ọdún mẹ́ta, ó jí tán, kò le gun Màpó mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹ́káníìkì. Mọ́tò dádì mi ni, Corolla 1996. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa ní Bódìjà, kò sẹ́ni tó wà á. Mo ra bátìrì tuntun sí i, ó sítáàtì, inú mi dùn. Àmọ́ tí mo bá gbé e dé títì kò fà, mo tẹ iná dé ilẹ̀ kò kúrò lórí 40. Lọ́jọ́ tí mo ní kí n gba Bẹẹrẹ gun Màpó lọ Ọjà'ba, ọmọ tó ru tòmátì lórí ń kọjá mi. Mẹ́káníìkì àdúgbò wa ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ ra tọ́kúnbọ̀ míì ní Géètì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ẹsẹ̀ lọ Géètì o. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n páàkì ẹ̀, oorun kì í sábà pa á. Ohun tí oorun ń pa ni epo, rọ́bà, bíréèkì, àti gbogbo nǹkan tí eku bá rí jẹ.

Kẹ́ ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ni ò lágbára àbí nǹkan kan ló dì í mú lẹ́yìn. Mọ́tò tó pẹ́ nílẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá fa hàńbíréèkì ẹ̀ sókè kí wọ́n tó fi í lẹ̀, ṣúù ẹ̀yìn máa ń dípẹtà mọ́ dírọ́ọ̀mù, ẹ̀yin á tú hàńbíréèkì sílẹ̀ níwájú, wáyà ò ní padà lẹ́yìn, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ wà á yí àdúgbò po díẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì púpọ̀, ẹ páàkì, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan, ẹ má dì í mú o, ó lè jó yín. Èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ, tó ń rùn bí nǹkan tó ń jóná, ẹ ti mú olè yẹn. Oníbàárà mi kan ti ra fúẹ́ẹ̀lì pọ́ńpù, ó ti ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti yáwó, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, mo fọwọ́ yí táyà ọ̀tún, kò mira. Ká tú dírọ́ọ̀mù, ká fi sáńpépà ha á, ká tú wáyà, ó tán.

Tí táyà bá ń yí fàlàlà, epo ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì lọkàn mi wà, torí mọ́tò tó ń dáa níbi tó dúró sí tó wá ń kọ̀ lórí òkè, oúnjẹ ni ò tó o. Tánkì Corolla yín gba bíi lítà 50. Epo tó bá ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀, apá tó fúyẹ́ tó ń tètè gbiná á ti fẹ́ lọ, èyí tó kù á máa lẹ̀ bí oje igi, á lọ dí nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè ní ẹ ti da epo tuntun lé e. Ọbẹ̀ tuntun lẹ dà lé èyí tó ti kan yẹn! Ẹ ní kí wọ́n fà díẹ̀ sínú ike funfun tó mọ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá pọ́n bíi tíì, tó ń rùn bí ọ̀dà, ó ti bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó dá dúró lábẹ́ ẹ̀, omi nìyẹn, torí inú tánkì máa ń làágùn lóru, omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀ sí, ìsàlẹ̀ náà sì ni pọ́ńpù ti ń fà. Kí wọ́n má fẹnu fà á, kí wọ́n má ṣe é nítòsí alákàrà, kí wọ́n má sì dà á sí gọ́tà.

Kí wọ́n gbọ̀n ọ́n tán pátápátá, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà epo, agolo kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni mo wí, kí wọ́n má fẹnu fẹ́ ẹ kí wọ́n wá ní ó ti ṣí. Rọ́bà tó ń gbé epo, tó bá ti sán, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, iná ni yẹn ń wá.

Ẹ ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́ náà. Abẹ́ igi máńgòrò kẹ̀! Mo ti bá èèpo ẹ̀pà, ìwé ìdánwò ọmọ iléèwé kan tí wọ́n ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àti ọmọ eku márùn-ún tí ò tíì lajú níbẹ̀ rí. Mọ́tò yẹn ò lè mí, báwo ló ṣe fẹ́ sáré? Ẹ wo àwọn wáyà ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú, eyín eku máa ń hàn. Púlọ́ọ̀gì àti inú káàpù dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún wọn, kí wọ́n ṣí wọn, irin ibẹ̀ máa ń hu funfun.

Tó bá ṣì wúwo, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan tẹ iná, kí wọ́n fọwọ́ sún mọ́ ẹnu ẹgisọ́ọ̀sì: tí èéfín ò bá jáde tagbáratagbára, ó ti dí, bóyá kátálístì, agolo tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù ẹgisọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá yọ kátálístì, ẹ gba ògbólógbòó yẹn lọ́wọ́ wọn o, pàlátínọ̀mù wà nínú ẹ̀, àwọn kan nínú wa máa ń dọ́gbọ́n gbé e lọ tà.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá tán nìkan ni ká tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ni tó sọ pé ó kú sì gbé géèjì kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n wá, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Tiyín ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 142 psi lọ ní ihò púlọ́ọ̀gì kankan. Tí ọ̀kan bá kéré, kó da ṣíbí ọ́ìlì kan síbẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n. Tó bá gòkè, ríǹgì písítìn ló lẹ̀, ríǹgì tó lẹ̀ torí oorun sì máa ń tú fúnra ẹ̀ tí mọ́tò bá ti ń rìn. Tí ò bá gòkè, fáàfù ni, ẹ gbé e wá kí n wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ rímù tó gbóná fún mi.