Wọ́n ń tún ilé ìwòsàn kọ́: ṣé ó máa dín ìdúró màmá mi kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdájí ni wọ́n ń kúrò nílé ní Mọ́kọ́lá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, aago 2 ọ̀sán ni wọ́n ń rí dókítà. A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ibẹ̀ kọ́. Ṣé ká ní sùúrù ni, àbí ká gbé wọn lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn níbí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ má dúró de ilé tuntun, ẹ má sì tíì gba UCH lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ti ká lọ́wọ́ kò, ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín lè máa bójú tó o. Àìsàn tó bá ju agbára ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ lọ, irú Adéọ̀yọ́ tó wà ní Ring Road, ló yẹ kó dé UCH, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Bí gbogbo wa bá lọ tò síbẹ̀ nítorí oògùn oṣooṣù, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ló máa forí fá a.

Ní ti àtúnkọ́ yẹn, ọ̀dà àti táìlì kì í dín ìdúró kù. Ibi tí aláìsàn ń rìn gbà ni kí wọ́n tún ṣe. Ẹ wò ó: ìdí káàdì, ibi ìsanwó, lábù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n tún padà wá sanwó, kí wọ́n tó dé ilé oògùn. Bí ìyá ẹni 70 ọdún bá gun àtẹ̀gùn tán, tí wọ́n wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lójú ẹsẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fò sókè, kí wọ́n sì fi oògùn kún oògùn. Ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé apá lé tábìlì. Ilé ìwòsàn tó bá kó gbogbo ibi wọ̀nyí jọ sí ìsàlẹ̀, tó fún kálukú ní wákàtí tirẹ̀, tí nọ́ọ̀sì sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ya pàjáwìrì sọ́tọ̀, ìyẹn ni mo gbà pé wọ́n tún ṣe.

Ẹ ní kí dókítà màmá kọ orúkọ oògùn wọn, ìwọ̀n rẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò wọn sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ sí alábọ́dé. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ìfúnpá wọn ń ṣiṣẹ́, tí oògùn kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má tíì kúrò níbi tí ẹ wà. Àmọ́ bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí tí àyà ń dùn wọ́n, ẹ má wá ìwé kankan. Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Bí iṣẹ́ kíkọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kó kílíníìkì kiri. Ẹ gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kí ẹ máa pè kí màmá tó jáde nílé.