Ẹ má tíì wá orúkọ bàbá àgbà nínú ìwé owó orí, Mọ́gàjí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń gbé agboolé yín ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, n'Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1930, bóyá ìwé owó orí ayé òyìnbó lè sọ ọ́, àti bóyá ẹ máa rí ẹ̀dà gbà. Ọ̀nà yẹn, mo ti gbà á, ojú mi sì rí tó.

Orúkọ bàbá àgbà tí gbogbo wa ń jẹ́ mọ́ tiwa ni mo dì mú. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wá a. Ní ọ́fíìsì ìjọba kan, akọ̀wé ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní ikán ti jẹ gbogbo ẹ̀, kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè mẹ́fà ni mo lọ. Lẹ́ẹ̀keje, ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn yàrá kan fún mi: ìwé tò gègèrè kan àjà, eruku bò ó, ikán ò débẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa tọ́jú ìwé ò wọ yàrá yẹn rí! Mo tú u títí, n ò rí orúkọ wa. Agbẹjọ́rò tí mo gbà wá sọ pé a jẹ́ pé bàbá àgbà kì í ṣe ọmọ ilé wa nìyẹn. Bàbá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n ń ki bàbá wọn lábẹ́nu.

Inú agolo pọ́mádé kan nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà ni ìdáhùn wà. Rísíìtì owó orí ni, wọ́n ká a bíi tírà, aáyán ti jẹ etí ẹ̀. Ìdí wà tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀: akódà á ká ọkùnrin mọ́lé láàárọ̀ kùtù, ẹni tí ò bá rí rísíìtì fi hàn, ó di àtìmọ́lé ní Mápó. Alao ni wọ́n kọ síbẹ̀, oríkì bàbá àgbà, láìsí àmì ohùn kankan. Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, tó wà lára ẹ̀, ti ilé ìyá wọn ni! Ibẹ̀ ni wọ́n gbé dàgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sanwó. Mo padà lọ wá Mọ́gàjí yẹn nínú ìwé, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi rí bàbá àgbà.

Baálé ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ilé, Mọ́gàjí á kó o fún ìjòyè. Ọ̀dọ̀ ẹni tí èèyàn ń san án sí ni ìwé ń wò, kò wo ẹ̀jẹ̀. Àlejò àti ìwọ̀fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ bíbí ilé. Nítorí náà, ẹ má kà á sókè ní ìpàdé ẹbí, ẹ má sì gbé e lọ sídìí ìjà ilẹ̀.

Ní ti iye èèyàn, àwọn ọkùnrin tó ti bàlágà nìkan ni ẹ máa rí. Ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú nígbà náà, obìnrin ń san tiwọn. Ìyàwó ilé tiwa níhìn-ín ò sí nínú ẹ̀, ọmọdé ò sí. Ẹni tó sá lọ sóko nígbà owó orí náà ò sí. Bí onímọ̀ kan bá ní kí ẹ kàn fi iye kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe níbi púpọ̀ nínú ìkànìyàn 1931, kò sì ṣeé gbára lé.

Bí ẹ bá dé ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ sanwó, ẹ béèrè àkójọ Iba Div, ìyẹn ìwé ẹ̀ka ìjọba Ìbàdàn. Ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n ẹ wo Oyo Prof náà, ìyẹn ìwé ẹkùn Ọ̀yọ́, torí abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ìbàdàn wà títí di 1934. “Bale” sì ni kí ẹ máa wá, ìyẹn Baálẹ̀, olórí ìlú Ìbàdàn, kì í ṣe Baálé ilé; 1936 ni oyè Olúbàdàn dé.

Rísíìtì tiwa, agbẹjọ́rò yẹn ló gbà á lọ, kò dá a padà. Bí ẹ bá rí tiyín, ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìyàwó ilé ló mọ oríkì àwọn ọkùnrin ilé jù. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn tó bá ṣì wà láyé, ẹ lọ bá wọn lónìí, kí ẹ bi wọ́n pé ta ni Mọ́gàjí lọ́dún tí wọ́n wọlé ọkọ, ta sì ni Mọ́gàjí náà rọ́pò.