Lésà aláwọ̀ fún ọ́fíìsì kékeré l'Ákùúrẹ́: èwo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Èmi àti akọ̀wé kan la wà ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Létà, rìsíìtì, ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti ìwé ìkéde la máa ń tẹ̀, ó tó ewé 400 lóṣù, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin ló ní àwọ̀. Àwọn oníbàárà a tún máa gbé ìwé ètò ìsìnkú tó kún fún fọ́tò wá. Tàdáwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ní máa ń gbẹ tí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ni mo bá ní kí n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà aláwọ̀. Ẹnìkan fi tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà lọ̀ mí, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti tuntun. Ínfátà 1.5kVA la ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síta, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Bí ẹ bá rí 110-127V, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ti iná wa. Tiwa ni 220-240V. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-tàdáwà ló ń gba iná méjèèjì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé ti lésà náà á gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú lésà ni fuser wà, òun ló ń gbóná tó dígírì 180 sí 200 Celsius kí ìyẹ̀fun tónà lè yọ́ mọ́ pépà. Iná kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá ki ti 110 bọ iná BEDC tààrà, ó lè jó kó tó tẹ ewé kan jáde. Ẹni tó ń tà á lè ní kí ẹ ra transformer tó ń sọ iná di 110. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kí ó tó lè gbé fuser, ó yẹ kó tó 2kVA, owó ọ̀tọ̀ sì nìyẹn.

Tónà tún wà ńbẹ̀. Ẹ wo HP M255dw: èyí tí wọ́n tà l'Ámẹ́ríkà ń lo tónà 206A, èyí tí wọ́n tà fún ìhà ọ̀dọ̀ wa ń lo 207A. Ojú lásán kò lè fìyàtọ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n chip ara wọn, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí ẹ̀rọ fi ń dá tónà mọ̀, kò dọ́gba, ẹ̀rọ á sì kọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ó máa wá tónà kiri títí dé Computer Village n'Íkẹjà. Èmi ò ní kí ẹ rà á.

Ní ti tàdáwà tó ń gbẹ, òótọ́ ni pé lésà yanjú ìyẹn pátápátá. Ìyẹ̀fun ni tónà. Bí ẹ bá fi oṣù méjì sílẹ̀, kò ní gbẹ.

Iná ló máa yọ yín lẹ́nu jù. Nígbà tí fuser bá ń gbóná, lésà aláwọ̀ lè fa wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀, á tún fà á. Ínfátà 1.5kVA kì í sábà ju wáàtì 1,200 lọ. Bí fáànù, gílóòbù àti kọ̀ǹpútà méjì bá ti wà lórí rẹ̀, bí ẹ bá ṣe tẹ Print báyìí ló máa pa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e rárá. Ẹ má sì so ó mọ́ UPS kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fúnra wọn ló ń kìlọ̀ fún èyí. Bí ó bá jẹ́ ínfátà lẹ ó gbára lé, ẹ wá èyí tó tó 2.5kVA, tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára. Bí kò bá sí owó fún un, ẹ kó iṣẹ́ jọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá wà, kí sítábíláísà 2,000VA sì wà láàárín.

Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí pépà wà nínú ẹ̀rọ, ẹ dúró kó tutù, kí ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ rọra fa pépà náà jáde. Tónà orí rẹ̀ kò tíì yọ́, á kun yín lọ́wọ́. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná á jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ó wá kan owó. Tónà mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ aláwọ̀: dúdú, cyan (irú búlúù kan), magenta (irú pupa kan) àti yẹ́lò. Ká ní ọ̀kan jẹ́ ₦60,000, tó sì ń tẹ ewé 1,200. ₦50 ni lórí ewé kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ₦200 kí ẹ tó ka pépà. Ẹ béèrè iye gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ fi ìṣirò yìí wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá owó fún oníbàárà. Iye ewé tí wọ́n kọ sára páálí, ìwé tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kò bò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ ni wọ́n fi kà á. Létà ni ìyẹn. Bí àwọ̀ bá bo ìdá 40, ewé 1,200 di 150.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní kí ẹ fi lésà tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ̀rọ oní-tàdáwà tó ní táǹkì, bíi Epson EcoTank tàbí Canon PIXMA G ń tẹ fọ́tò dára jù, owó orí ewé kan kéré, ínfátà yín á sì gbé e láìmí kanlẹ̀. Bí iṣẹ́ fọ́tò bá ń pọ̀ sí i, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ máa tẹ ewé aláwọ̀ kan lọ́sẹ̀ kó má bàa gbẹ. Bí létà àti àdéhùn bá ṣì pọ̀ jù, ẹ ra lésà, kí ẹ gbé ti ìsìnkú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe láéláé ni kí ẹ ki pépà fọ́tò oní-tàdáwà bọ inú lésà: ojú dídán rẹ̀ á yọ́ mọ́ fuser, ẹ̀rọ á sì bà jẹ́.

Fún ewé 400 lóṣù, lésà kékeré tuntun tó ní Wi-Fi, tó sì ń tẹ ojú méjèèjì fúnra rẹ̀, ti tó. Kí ó tún jẹ́ èyí tí tónà ńlá wà fún: fún HP M255dw tí mo dárúkọ lókè, 207A dúdú ń tẹ ewé 1,350, 207X ń tẹ 3,150. Tónà tó bá ẹ̀rọ tuntun wá kì í sábà kún tó ti ọjà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá tètè tán. Ẹ béèrè bóyá á ṣì máa tẹ dúdú bí yẹ́lò bá tán, torí àwọn kan kì í tẹ̀ ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé yín, ẹ fi Print in grayscale ṣe ìpìlẹ̀, kí àwọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Bí ẹ bá sì ń rọ tónà kún, kí ó jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yín gan-an. Èyí tí kì í yọ́ ní ìwọ̀n ooru kan náà á máa ṣí kúrò lórí ìwé, tàbí kó lẹ̀ mọ́ fuser.

Pépà 80gsm ni kí ẹ lò. Nígbà òjò, pépà tó wà níta máa ń fa omi, á máa há, àwọ̀ á sì ṣì. Ẹ má tú rímù tí ẹ ò tíì fẹ́ lò. Nígbà ọyẹ́, eruku lọ̀tá: ẹ fi aṣọ bò ó, àmọ́ kí ó tutù kí ẹ tó bò ó. Bí ẹ bá yọ drum, ìyẹn rólà tó ń gbé tónà lọ sórí pépà, ẹ má gbé e sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ ewé kan tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilà gígùn tó fún tàbí àbàwọ́n tó ń padà wá ní àyè kan náà túmọ̀ sí pé drum tàbí rólà kan ti bà jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ewé tó ń fi ipò ẹ̀rọ hàn: iye ewé tó ti tẹ̀ rí wà níbẹ̀, bó bá sì ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tuntun kọ́ ni. Kí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ bá ti orí páálí mu, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì yín.