Eyín tó dákẹ́ kò tíì sàn

Ìyá Ìbejì, ẹ ní eyín ẹ̀yìn dun bàbá wọn fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n lo kápúsù láti kẹ́míìsì, ó wá dákẹ́. Ẹ ń béèrè bóyá kí wọ́n ṣì lọ dí ihò rẹ̀ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sílẹ̀. Dídákẹ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Tèmi náà, nísàlẹ̀ lápá òsì ni. Òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi kànáfùrù sí i, mo lo kápúsù, ìrora lọ, mo dúpẹ́. N kò mọ̀ pé iṣan inú eyín ló ti kú. Iṣan tó kú kì í dunni mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹrà, ọyún ń gbára jọ sí ìdí gbòǹgbò. Kápúsù kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, torí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé oògùn lọ kì í dé inú eyín yẹn mọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àgbọ̀n mi wú. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, ìka kan péré ló lè wọ ẹnu mi. Ọkọ mi gbé mi láti Èbúté lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú níbí. Wọ́n ní ká ra káàdì. A rà á tán kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò eyín ti bàjẹ́, pé dókítà eyín kì í wá ní Sátidé, ká padà wá ní Mọ́ńdè. Kí ló dé tí wọ́n gba owó káàdì? Obìnrin tó ń kọ ọ́ kò gbójú sókè wò mí, èmi tí mò ń da itọ́ sínú ike torí n kò lè gbé e mì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé tí wíwú bá ti dé abẹ́ àgbọ̀n, téèyàn ò lè gbé itọ́ mì, ó lè dí ọ̀nà èémí láàárín wákàtí díẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 la tún bọ́ sí. Ìjókòó ni mo wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí mi á há. Ní ilé ìwòsàn mìíràn tá a sáré lọ lọ́hùn-ún, wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n mi kí ọyún tó jáde. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó yọ eyín náà.

Bí dókítà bá yọ eyín bàbá ìbejì, kí wọ́n fi eyín tẹ òwú mọ́ ojú ihò náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Kí wọ́n má yọ ẹnu lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má tutọ́ pẹ̀lú agbára, kí wọ́n má fa sìgá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò ló ń bo egungun. Èmi yọ ẹnu lálẹ́, ó ṣí kúrò, ní ọjọ́ kẹta ìrora gba inú etí mi. Nọ́ọ̀sì ní òun rò pé mo mọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó di lẹ́yìn wákàtí 24.

Ẹ má gbọ́ tẹni tó bá ní kí wọ́n da omi bátìrì sí i o, ásìdì ni, á bó ẹran ìdí eyín. Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí kẹ́míìsì fún wọn ní tetracycline tí wọn ò bá tíì pé ọdún 8, ó ń pa eyín tó ń hù láró, kò sì ṣeé fọ̀ kúrò.

Àbí dídí lẹ béèrè. Ihò tí kò tíì dé iṣan ni wọ́n ń dí lásán. Èyí tó ti ń dunni fúnra rẹ̀ tó wá dákẹ́, bí wọ́n bá dí i bẹ́ẹ̀, ọyún ni wọ́n sé mọ́nú. Wọ́n á fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ kí wọ́n tó dí i, ìyẹn wọ́n ju yíyọ lọ, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Fọ́tò ló máa sọ èyí tó yẹ, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ra káàdì. Ẹ lọ láàárọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́, lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí àgbọ̀n wọn bá wú lóru òní, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́.