Ta ló kọ́kọ́ jà?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ti kọ́kọ́ jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní Berlin ni. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ má bínú. Ní 1897, ọdún 72 ṣáájú Stonewall (ìjà tí wọ́n bá ọlọ́pàá jà ní New York, Amẹ́ríkà, ní 1969), Dókítà Magnus Hirschfeld ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Berlin láti gbógun ti abala 175 nínú òfin Jámánì, tó ń sọ àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ó ṣí ilé ìwádìí ní 1919. Ní May 1933, àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler ya wọ ibẹ̀, wọ́n kó ìwé jáde, wọ́n dáná sun ún ní gbangba. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ogun parí, òfin ò kúrò! Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ṣì lo òfin tí ìjọba Hitler mú le yẹn títí di 1969. 1994 ni wọ́n tó pa á rẹ́ pátápátá.