Ta Ló Ń Bá Ọmọ Yẹn Gbe Orin Àlọ́?

Kò sí ẹ̀mí àìrí kankan tó ń da ọmọ yẹn láàmú. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ka ìyókù.

Ìwọ ìyá tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, o ní látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kì í sùn bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti paná, á ní "Ààlọ́ o!", á tún fi ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ara rẹ̀ lóhùn pé "Ààlọ̀!" Á pa àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ Yánníbo. Bó bá débi orin, òun náà ni yóò dá a, òun náà ni yóò gbè é. O wá ń bi mí bóyá kí o gbé e lọ gba ìtúsílẹ̀, àbí kí ẹ kọ́kọ́ gbààwẹ̀ nílé.

N ò ní dáhùn ìyẹn. Gbólóhùn kan wà tí o sáré kọ, tí o sì gba ibẹ̀ kọjá: "A ti kó fọ́tò rẹ̀ kúrò nílẹ̀, a sì ti kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ kó má dárúkọ rẹ̀ mọ́, torí onígbàgbọ́ kì í wẹ̀yìn." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ikú gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ ọmọ yìí, ẹ̀yin òbí rẹ̀ tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó ń dá sọ̀rọ̀ torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ nínú ilé yín.

Ó ń bí mi nínú, torí irú lẹ́tà yìí ti ń pọ̀ jù. Kí ilẹ̀ sàréè tó gbẹ, wọ́n á ti ní kí ọlọ́fọ̀ nu ojú, kó má bi Ọlọ́run léèrè. Ìgbàgbọ́ wo nìyẹn? Jákọ́bù rí ẹ̀wù Jósẹ́fù tí wọ́n tì bọ ẹ̀jẹ̀, ó kọ̀, kò gba ìpẹ̀. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sunkún. Ohun tó dáa jù tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe ni ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Bí ti Bíbélì bá jìnnà sí ọ, gba ti Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1837, ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, bí ogun ṣe wọ̀lú àti bí wọ́n ṣe já òun gbà lọ́wọ́ ìyá òun. Ó ti di àlùfáà kó tó tún fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀: wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wojú ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde, omijé ń dà lójú ìyá. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pè é ní kékeré pè é. Ẹni tó wẹ̀yìn báyìí ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí Bíbélì Yorùbá tí ẹ fi ń gbàdúrà.

Mo mọ̀ pé o ò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ sí. Àṣà wa kì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ. Àánú rẹ ṣe mí gidigidi. Ṣùgbọ́n àṣà ò ní kí o pa ìtàn rẹ̀ rẹ́.

Lálẹ́ òní, bó bá ní "Ààlọ́ o!", ìwọ ni kí o dá a lóhùn. Lọ jókòó lórí ẹní rẹ̀, kí o bá a gbe orin. Bó bá bú sẹ́kún, má sáré gbọ́wọ́ àdúrà lé e lórí. Jẹ́ kó sun ún, kí ìwọ náà sun tìrẹ. Bó bá bi ọ́ pé kí ló dé tí Ọlọ́run ò wo ẹ̀gbọ́n òun sàn, sọ fún un pé o ò mọ̀. Kó fọ́tò wọ̀nyẹn jáde. Pe ọkọ rẹ náà kó wá jókòó. Ohun tó mọ̀ nípa ọmọ yẹn, ìwọ lè má mọ̀ ọ́n. Bí kò bá rí oorun sùn síbẹ̀, tí kò sì jẹun, ẹ gbé e lọ rí dókítà.

Ó ṣeé ṣe kí àlọ́ náà má gún. Á ní ẹ̀gbọ́n òun bá Ìjàpá sáré, á ní òun ló borí. Má tún un ṣe fún un.