Ẹ Bi Bàbá Oníná: Ọmọ Mi Ń Bá Ṣájà Jà

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Kútọnu wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Kétu, kò sì jẹ́ ká gbádùn. Bí a bá yọ fóònù tán tí a fi ṣájà sílẹ̀ lára ògiri, á ní à ń dá kún ooru tó mú ayé. Bàbá rẹ̀ ní owó iná nìkan lòun mọ̀. Omi tútù ni mò ń tà, èédú sì ni mo fi ń dáná. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? (Ìyá Táíwò)

ÌDÁHÙN: Ìyá Táíwò, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tó ń dun ọmọ yín yẹ kó dun èèyàn, àmọ́ èyí tójú rẹ̀ rí ló ń bá jà. Iná tí ṣájà lásán ń jẹ lóṣù kan kò ju èyí tí gílóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì ń jẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ fi LED oní 9 wáàtì rọ́pò irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣájà tán nìyẹn.

Fìríìsà yín ló kàn mí. Àlòkù ilẹ̀ Yúróòpù lèyí tí mo máa ń bá nílé àwọn olómi tútù, rọ́bà ẹnu rẹ̀ á ti le gbandi. Ẹ fi bébà há a lẹ́nu, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wá fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, atẹ́gùn gbígbóná ń wọlé nìyẹn, mọ́tò ò sì ní sinmi tọ̀sántòru. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà. Ọ̀sán sì ni kẹ́ ẹ máa fi sọ omi di yìnyín: láti 2022 ni iná oòrùn ti ń wá láti Illoulofin, ní Pobè tó múlé gbè wá, ṣùgbọ́n bílẹ̀ bá ṣú, gáàsì tí wọ́n ń sun nílé iṣẹ́ tó ń pèsè iná ní Maria-Gléta la tún gbójú lé.

Èédú wá ńkọ́? (Ọmọ yín ò mẹ́nu bà á, ẹni tó ń jẹun ibẹ̀ kọ́ ni?) Nínú ebu tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò, igi tó lè ju kílò 5 lọ ló ń bá a lọ kí èédú kílò kan tó jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti ìhà Sábẹ̀ẹ́ wá. Lójú tèmi, ìdí àdògán lilé yín ti ń jẹ igbó run jù. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ nínú kì í jẹ èédú tó onírin lásán. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ sì dé ìkòkò.

Ní ti bàbá wọn, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ ayé rárá. Owó èédú ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ kà síwájú rẹ̀. Kí ọmọ lọ ra rọ́bà fìríìsà náà, kó wọn ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó kúrò nílé.